Apple, Gáréèjì àti Ìpàdé Tí Wọn Kì Í Dárúkọ

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ní yunifásítì ni o, lórí rédíò ni o, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ìtàn Apple. Wọ́n á ní Steve Jobs àti Steve Wozniak tilẹ̀kùn mọ́rí nínú gáréèjì ilé bàbá Jobs ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ibi tí onílé ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, àwọn méjì péré, kò sí olùrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà jáde níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fà yọ ni pé kí ọmọ náà wọ yàrá rẹ̀ lọ, kó ra dátà, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ á fi délẹ̀. Ìtàn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló sì ń ká mi lára jù, nítorí ó ń dá àwọn ọmọ tó ní làákàyè dúró sílé lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde.

Ilé náà wà lóòótọ́, ní Crist Drive ní ìlú Los Altos, ìpínlẹ̀ California. Ní 2013 ni ìlú náà kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wozniak, ẹni tó ya kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́, sọ fún àwọn oníròyìn Bloomberg ní 2014 pé àsọdùn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gáréèjì. Wọn kò ronú iṣẹ́ kankan jáde níbẹ̀. Ìdí tábìlì rẹ̀ ní Hewlett-Packard, níbi tó ti ń gbowó oṣù, àti inú ilé tó ń gbé ló ti ṣe kọ̀ǹpútà náà. Àwọn bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí èròjà kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ti tò ni wọ́n ń kó wá sí gáréèjì láti dán wọn wò kí wọ́n tó kó wọn lọ fún oníbàárà. “Àwọn méjì péré” yẹn gan-an kò tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dá Apple sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, 1976, ẹnì kẹta wà nínú ìwé àdéhùn wọn, Ronald Wayne, tó fa ara rẹ̀ yọ lẹ́yìn ọjọ́ 12.

Gáréèjì kan wà tó yẹ kí ìtàn náà máa dárúkọ. Ti Gordon French ni, ní Menlo Park. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, 1975, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn pé jọ síbẹ̀. French àti Fred Moore ló pe ìpàdé náà. Ohun tó ru wọ́n sókè ni Altair 8800, kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ MITS ní Albuquerque ń ta èròjà rẹ̀ fún ẹni tó bá lè tò ó fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó 400 dọ́là. Ìwé ìròyìn Popular Electronics ti gbé e sí èèpo iwájú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ní kọ̀ǹpútà. Àwọn tó wá sí gáréèjì French fẹ́ gbé e wọ inú ilé ara wọn, kò sì sí ẹni tó dá mọ ọ̀nà rẹ̀ tán nínú wọn. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wá sọ ní Homebrew Computer Club.

Wozniak wà níbẹ̀. Ojú máa ń tì í gan-an láàárín èrò. Allen Baum, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ní kí àwọn jọ lọ, Wozniak sì rò pé ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe lè fi tẹlifísọ̀n ṣe ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ sọ. Nígbà tó débẹ̀ tó gbọ́ pé Altair ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣìlé wọ̀, nítorí microprocessor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ká sínú ohun kékeré kan, kò tíì yé e. Ìwé kan tó ṣàlàyé irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ó sì mú un lọ sílé. Bó ṣe ń kà á lóru ló rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí òun ti ń yà sórí ìwé láti sẹ́kọ́ńdìrì, tí òun kò lówó tí òun lè fi ra èròjà wọn. Òru yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó di Apple I. Nínú iWoz, ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2006, ó ka alẹ́ ọjọ́ náà mọ́ àwọn alẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ ní ayé rẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ìròyìn pé ohun tó lè mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣe ti wà lọ́jà ni kò ní, ìròyìn yẹn kò sì sí nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan nínú àwọn ìpàdé wọn. Ní oṣù Kẹrin, 1975, Steve Dompier, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, gbé Altair tirẹ̀ wá. Altair yẹn kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní ojú tí èèyàn lè wò. Àwọn swíìṣì kéékèèké ló tò sí iwájú rẹ̀, àwọn lèèyàn á máa tẹ̀ sókè tẹ̀ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe á fi wọlé tán. Dompier bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń ṣe é lọ ni ẹnì kan ti fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, iná lọ, gbogbo ohun tó ti tẹ̀ wọlé sì pa rẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, rédíò kékeré kan tó gbé lé Altair náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àwọn Beatles. Wáyà kankan kò so rédíò náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ariwo tí Altair ń dá sílẹ̀ nínú rédíò tó bá sún mọ́ ọn ni Dompier kíyè sí nílé, tó sì wá bó ṣe lè to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà tí ariwo á fi di ohùn. Gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ bó ṣe ṣe é jáde kí ẹlòmíràn lè ṣe tirẹ̀.

Èrò pọ̀ títí gáréèjì kò fi gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì kó lọ sí gbọ̀ngàn SLAC, ibùdó ìwádìí físíìsì tí Yunifásítì Stanford ń bójú tó. Lee Felsenstein ló ń darí wọn níbẹ̀, ètò tó fi ń darí sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pe irú ìpàdé báyìí kọ́. Ní apá kìn-ín-ní, ẹni tó bá nawọ́ á dìde, á sọ ohun tó ní, ohun tó ń wá, tàbí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ há sí, á sì jókòó. Felsenstein kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìjíròrò gígùn, nítorí ohun tó fẹ́ ni kí gbogbo ilé mọ ẹni tó ní nǹkan àti ẹni tó ń wá a. Ní apá kejì, ìjókòó á tú, kálukú á wá ẹni rẹ̀ lọ. Ẹ fi wé ọ̀pọ̀ ìpàdé òde òní, níbi tí àlejò pàtàkì á ti sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ẹni tó wá á sì padà sílé láì mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í.

Inú apá kejì yìí ni Apple I dàgbà sí. Ìtìjú kì í jẹ́ kí Wozniak nawọ́ ní apá kìn-ín-ní. Á to kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti tẹlifísọ̀n kan kalẹ̀, àwọn tó fẹ́ rí i á yí i ká, á dáhùn ìbéèrè wọn, á sì fún wọn ní ẹ̀dà àwòrán tí wọ́n lè fi to tiwọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Jobs tẹ̀ lé e lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ń gba àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ráyè tò ó. Ó ní kí àwọn ṣe bọ́ọ̀dù tà fún wọn. Ibẹ̀ ni òwò Apple ti bẹ̀rẹ̀. Wozniak kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà náà lọ Hewlett-Packard, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ní Homebrew náà ni Paul Terrell, tó ni ṣọ́ọ̀bù Byte Shop ní Mountain View, ti rí i, òun ló sì ní òun á ra 50, ní 500 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá lè tò ó parí kó tó dé ọwọ́ òun. Iṣẹ́ yẹn ló kó wọn wọ ilé àwọn Jobs. Ìpàdé ló ṣáájú, gáréèjì ló tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹni tó bá mọ Wozniak dáadáa lè mú wá takò mí, mi ò sì ní fò ó dá, nítorí òun ló lágbára jù. Nínú iWoz kan náà, ó gba àwọn tó fẹ́ dá ohun tuntun sílẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n dá ṣiṣẹ́, kí wọ́n má fi iṣẹ́ wọn sọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Homebrew kì í ṣe ìgbìmọ̀. Kò sí ẹni tó dìbò lórí ohun tí Wozniak yà, kò sí ọ̀gá tó ní kó yọ èyí kúrò kó fi tọ̀hún sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń pàdé. Láàárín ìpàdé kan sí èkejì ló ń dá wà pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ti sọ pé ìwúrí àtifi nǹkan tuntun han àwọn ẹgbẹ́ òun ló ń lé òun sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá yọ ìpàdé kúrò nínú ìmọ̀ràn yẹn ti gé e sí méjì.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló dára. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà BASIC, ìyẹn èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí Bill Gates àti Paul Allen kọ fún Altair, láì sanwó, Gates sì fi lẹ́tà bínú sí wọn ní oṣù Kejì, 1976. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ àlàyé tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? CcHUB, ibùdó tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, wà ní Sabo, Yaba, ibẹ̀ sì ni Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, kọ́kọ́ yà sí nígbà tó wá sí Èkó ní oṣù Kẹjọ, 2016. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń pe ìpàdé ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò wọ́n mọ́. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná kí n tó lọ.” Wozniak kò mọ microprocessor lọ́jọ́ tó wọ gáréèjì French. Àwọn òbí míì ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ Yahoo ni ọmọ àwọn ń lọ bá. Ìbẹ̀rù òbí ni, mi ò dá wọn lẹ́bi. Kí wọ́n tẹ̀ lé ọmọ náà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ó ku Fred Moore, ẹni tó bá French pe ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn. Kì í ṣe oníṣòwò. Ní 1959, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berkeley, ó gbààwẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn nítorí pé yunifásítì náà ń fi dandan mú àwọn ọmọkùnrin kọ́ iṣẹ́ ológun, ó sì tún ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà torí pé ó kọ̀ láti wọ ológun. Ní Homebrew, òun ló ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó wá sílẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí ẹni tó wà ní ìlú kan lè mọ ohun tí ẹni tó wà ní ìlú kejì ń tò lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó lé ní 20 ló ti inú ẹgbẹ́ yẹn jáde, Apple jẹ́ ọ̀kan. Moore kò dá ìkankan sílẹ̀ nínú wọn.