Manuel Godoy ti Ilẹ̀ Sípéènì: Àyànfẹ́ Ọba àti Ẹ̀bi Ìlú

Níbikíbi tí ọba bá ti ń jẹ, àyànfẹ́ ọba kò ní ṣaláì sí níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà ti ìdílé tí ó lókìkí wá. Ojúure ọba nìkan ni ó gbé e ga, ojúure náà ni àwọn ìjòyè kì í sì í lè dárí rẹ̀ jì í. Bí ìlú bá tòrò, ọba ni a ó yìn. Bí ìlú bá dàrú, àyànfẹ́ ni a ó bú, nítorí pé èèwọ̀ ni bíbú ọba. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn Manuel Godoy yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

A bí Godoy ní Badajoz, nítòsí ààlà ilẹ̀ Potogí, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, 1767. Ọlọ́lá ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá wọn kò pọ̀. Ní 1784, ó wọ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba ní Madrid. Ibẹ̀ ni Carlos, tí í ṣe àrẹ̀mọ nígbà náà, àti María Luisa aya rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Carlos gorí ìtẹ́ ní oṣù kejìlá 1788, a sì ń pè é ní Carlos Kẹrin. Láti ìgbà náà ni oyè ti ń gun orí oyè fún Godoy, títí tí ó fi di olórí àwọn mínísítà ní oṣù kọkànlá 1792. Ọmọ ọdún 25 péré ni.

Kí ni ó mú ọba gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin lórí? Èsì tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri ni pé àlè ayaba ni. Èsì yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó dájú kò sí fún un. Bí a bá wo bí ayé ti rí ní ọdún náà, a ó rí ìdí mìíràn. Ọ̀tẹ̀ ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láti 1789, Ọba Louis Kẹrìndínlógún, tí í ṣe ìbátan Carlos, sì wà ní àtìmọ́lé. Floridablanca fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ Faransé, kò yọrí. Aranda fi ẹ̀rọ̀ mú un, kò yọrí. Àgbà òṣèlú ni àwọn méjèèjì, olúkúlùkù sì ní àwọn tí ń tì í lẹ́yìn. Nítorí náà ni ọba ṣe ń wá ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn kankan bí kò ṣe ọba fúnra rẹ̀. Bí Emilio La Parra, òpìtàn ará Sípéènì tí ó tẹ ìwé jáde lórí Godoy ní 2002, ti rí ọ̀rọ̀ náà nìyí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n bẹ́ Louis lórí ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, 1793. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Sípéènì àti Faransé, Sípéènì kò sì rí i jà dáradára. Ní oṣù keje 1795, Godoy bá Faransé ṣe àdéhùn ní Basel. Ọba sì fi í jẹ Ọmọ-Aládé Àlàáfíà. Ní 1796, ó mú Faransé ní ọ̀rẹ́, nítorí pé ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bà á lórí àwọn ilẹ̀ tí Sípéènì ní ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ yìí kò san wọ́n. Ní oṣù kejì 1797 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Trinidad lọ́wọ́ wọn, erékùṣù tí àwọn ọmọ Yorùbá kan wá di olùgbé rẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e. Godoy kúrò nípò ní 1798, ó padà sí agbára ní 1801, Sípéènì sì pàdánù ọkọ̀ púpọ̀ ní Trafalgar ní 1805.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ogun nìkan. Òun ni ó ti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ṣí ní Madrid ní 1806 lẹ́yìn, níbi tí a ti ń fi ọ̀nà ìkọ́ni Pestalozzi kọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà ìjọba rẹ̀ ni Jovellanos, ọ̀mọ̀wé ńlá nì, di mínísítà ní 1797. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí bo èkejì mọ́lẹ̀: ní 1801, nígbà tí Godoy ti padà sí agbára, ni a ti Jovellanos kan náà mọ́lé, kò sì jáde títí di 1808. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn Fontainebleau ti oṣù kẹwàá 1807, tí ó fi àwọn ọmọ ogun Napoleon mọ̀nà wọ ilẹ̀ náà, ní ìpín kan nínú ilẹ̀ Potogí tí a yà sọ́tọ̀ fún Godoy láti jọba lé lórí. Ojúkòkòrò yìí kò ṣeé gbè.

Ta ni ó wá bà á lórúkọ jẹ́? Fernando Àrẹ̀mọ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ni. Wọ́n ń pín àwòrán ẹ̀sín àti orin èébú kiri nípa Godoy àti ayaba. Wọ́n ń pè é ní Choricero, ìyẹn ẹni tí ń rọ ẹran sínú ìfun tà, nítorí pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ agbègbè tí ó ti wá. Kì í ṣe Godoy nìkan ni wọ́n ń lé. Àwọn baba wa ní, bí igi bá ré lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kẹta, 1808, àwọn èrò ya wọ ilé Godoy ní Aranjuez. Ó sá pamọ́ sí òkè àjà. Òùngbẹ ni ó lé e jáde ní ọjọ́ 19, wọ́n sì lù ú. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Carlos fi adé sílẹ̀ fún Fernando. A gbé igi òkè, ti ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yani lẹ́nu nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ní Bayonne, Fernando fi adé náà sílẹ̀, ó sì wọ ọwọ́ Napoleon, ẹni tí ó gbé e fún Joseph ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì ń kú lójú ogun nítorí rẹ̀, Fernando ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kọ lẹ́tà ìkíni sí Napoleon. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n pe Fernando ni Ẹni-tí-a-ń-fẹ́. Orúkọ tí wọ́n pe Godoy ni ọ̀dàlẹ̀.

Godoy bá Carlos àti María Luisa lọ sí ìgbèkùn, ó sì wà pẹ̀lú wọn ní Róòmù. Àwọn méjèèjì kú ní oṣù kìíní 1819. Lẹ́yìn ikú Fernando ní 1833, Godoy tẹ ìwé ìrántí tirẹ̀ jáde ní 1836, ṣùgbọ́n etí ti kún. A dá àwọn oyè rẹ̀ padà fún un ní 1847. Kò padà sílé mọ́. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, 1851, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí. Ní 2008, igba ọdún lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀, Badajoz gbé ère rẹ̀ dúró.

Kí ni a rí kọ́? Èmi kò sọ pé olódodo ni Godoy. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwé ìjọba fi hàn pé ó dá kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí orin fi sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni ìlú rántí. Wọ́n gbàgbé Fontainebleau àti ẹ̀wọ̀n Jovellanos, wọ́n sì gbàgbé pé ọba ni ó fi ọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn gbọ́dọ̀ bèèrè nípa orin èébú gbogbo pé: ta ni ó kọ́kọ́ dá a, kí sì ni ó fẹ́ rí gbà? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.