Ọjọ́ tí Yìnyín Bá Bọ́ l'Ábẹ́òkúta

Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí pé òjò dídì, irú èyí tí í bo òrùlé àti ìgboro ìlú Òyìnbó mọ́lẹ̀ ní ìgbà òtútù, bọ́ sí orí àpáta Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, nítorí pé ìlú tí òrùn ń yan àpáta rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Elédùmarè kò ṣàì fún àwa Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí akọni, ní ìpín tiwa, nítorí pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀, yìnyín a máa bọ́, gbogbo ìlú a sì di pápá eré fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó bá fi wà. Àwọn tí ó kọ ìtàn Ẹ̀gbá kọ ti ogun, wọ́n kọ ti ọba àti ti ìjọ Ọlọ́run, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ayọ̀ ọjọ́ yìnyín ni wọ́n fò dá, èmi kò sì gbà pé ohun kékeré ni.

Àkókò tí yìnyín ń bọ́ yìí gan-an ni àkókò tí ọkàn àwọn baba wa kì í balẹ̀. Láti ìgbà tí Ṣódẹkẹ́ ti kó Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ogun, nítorí pé odò a fà, ọ̀nà a sì gbẹ fún ẹsẹ̀ àwọn jagunjagun. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 ni Gezo, ọba Dàhọ̀mì, kó ogun rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wá ja odi ìlú wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864 ni Glele ọmọ rẹ̀ tún dé, ìgbà méjèèjì ni Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìwọ̀ oòrùn ni Dàhọ̀mì ti ń bọ̀, ìlà oòrùn sì ni ìjì tí ń ru yìnyín ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni àgbà tí ó bá jókòó sí ẹnu odi ní oṣù kẹta ní láti máa wo iwájú kí ó sì máa wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a a máa ríran. Ogun kò dí ojú ọmọdé kí ó má rí ohun tí ń já bọ́ láti òkè.

Bí yìnyín náà ṣe ń dì nìyí: ooru tí ilẹ̀ gbígbẹ ti fà mọ́ra ni í ti afẹ́fẹ́ sókè kíkankíkan, tí yóò gbé ẹ̀kán omi lọ sí ibi tí òtútù ti mú gidigidi, tí omi yóò dì níbẹ̀, tí yóò sì máa sanra sí i títí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè gbé e mọ́. Èyí tí kò bá tíì yọ́ kí ó tó balẹ̀ ni à ń ṣà.

Nígbà tí ó jẹ́ pé koríko àti ewé ni a fi ń bo ilé, òrùlé a máa gba yìnyín láìpariwo. Lẹ́yìn tí àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone padà wálé àti àwọn òyìnbó ìjọ dé, tí reluwé sì kọjá lọ́dọ̀ wa kí ó tó wọ Ìbàdàn ní 1901, páànù gbilẹ̀, àwọn páànù tí ó ti dógùn-ún tí ojú ń rí lọ bẹẹrẹbẹ láti orí Olúmọ. Láti ìgbà náà ni yìnyín ti ní ohùn. Yìnyín a kọ́kọ́ ṣe kò, kò, bí ẹni ń ju òkúta wẹ́wẹ́. Kí a tó ṣẹ́jú, a kò ní gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Àwọn ọmọdé a tú jáde pẹ̀lú igbá, abọ́ àti agolo. A jù ú sẹ́nu, òtútù a ta eyín. A dì í mọ́wọ́ títí ọwọ́ yóò fi kú, a ṣí ọwọ́, omi ni. Ìyá àgbà a ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ó má là yín lórí o!" láìpẹ́ a ní, "Ẹ bá mi mú ẹyọ kan wá." Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú a máa sáré ká aṣọ, àgbẹ̀ a sì máa ronú ewé àgbàdo rẹ̀ tí yóò fàya, èyí tí ó jẹ́ àdánù gidi. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa: onígbàgbọ́, ìmàle àti babaláwo a jọ fara pamọ́ sí abẹ́ òrùlé kan.

Ẹ̀gbá náà ti rí òjò dídì ní ìdálẹ̀. Ọba wa, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, ṣùgbọ́n ìgbà ooru wọn ni. Olúfúnmiláyọ̀ Thomas, tí ó di Ìyáàfin Ransome-Kuti lẹ́yìn náà, ni ó lo ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó ń kàwé níbẹ̀ láti 1919 sí 1922. Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í sábà rí òjò dídì tí ó pọ̀: ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2009, nígbà tí èyí tí irú rẹ̀ kò bọ́ fún nǹkan bí ọdún 18 bọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì dúró, a ti ilé ìwé, tọmọdé tàgbà sì ṣeré ní gbangba. Ara ayọ̀ tiwa ni ayọ̀ náà.

Nísinsìnyí tí firíìjì wà nínú ilé, tí omi dídì sì wà ní ìsọ̀, àwọn ọmọ ṣì ń tú jáde bí yìnyín bá bọ́, nítorí pé èyí kò ní olówó, kò sì ní ẹni tí à ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, ẹni tí ó bá rántí ọdún kan tí ó bọ́ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ tí ó mọ̀wé, kí ó bá a kọ ọ́ sílẹ̀.