Àpọ́nlé àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Rẹ̀: Ọ̀nà Tí Ó Yẹ Kí A Gbà Kọ́ Wọn ní Ọ̀jọ́

Ìwé gírámà ilé-ìwé kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Yóò ní òun ni ó ń pọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe lé, yóò to mélòó kan sílẹ̀, yóò sì kọjá. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé àpọ́nlé tí ó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn kò ṣeé fi òfin kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé há sórí lásán. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá rìn ni ó yẹ kí a máa kọ́ ọ, pàápàá ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, níbi tí ọmọ Àwórì, ọmọ Olófin Ògúnfúnminíre tí ó tẹ Ìṣẹ́rí dó, ti ń jókòó nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Ìgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìwé gírámà Samuel Ajayi Crowther jáde ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù O. E. Vidal, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ti kíyè sí i pé àpọ́nlé Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, débi pé òmíràn kò lè gba ipò rẹ̀. A ń wí pé igi ga fíofío, aṣọ pupa fòò, ó funfun báláú, ó dúdú kirikiri. Omi tutù nini, iná gbóná janjan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí pé aṣọ pupa báláú, kò rú òfin ìhun gbólóhùn kankan, síbẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò mọ̀ pé àlejò ni ó sọ̀rọ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè takò mí pé àpọ́nlé kan wà tí kì í yan ọ̀rọ̀-ìṣe láàyò: gan-an, púpọ̀, dáadáa, àti àwọn tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi tètè, ṣẹ̀ṣẹ̀ àti sáábà. Mo gbà, ìwọ̀nyí kò pọ̀, òfin sì lè kó wọn já. Ṣùgbọ́n ẹ wo èdè Basque, tí wọ́n ń sọ ní ìhà òkè Pyrenees láàárín Sípéènì àti Faransé, èdè tí kò bá èdè alààyè kankan tan: níbẹ̀, bí a bá fi -ki kún eder, tí í ṣe ẹlẹ́wà, a di ederki, dáradára. Síbẹ̀ èdè yẹn kan náà ní tapa-tapa fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn láìdúró, àti mara-mara fún yìnyín tí ń rọ̀ jẹ́jẹ́ láìdáwọ́ dúró, tí òfin yẹn kò bí. Bí èdè tí ó ní àfikún bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń béèrè irú ẹ̀kọ́ yìí, mélòó-mélòó ni Yorùbá tí kò ní i.

Ohùn pàápàá ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ohun kékeré tí ó yípo a rí róbótó, èyí tí ó tóbi a rí ròbòtò. Olùkọ́ tí ó kọ wọ́n sójú pátákó láìfi àmì ohùn sí i ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ du akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ọ̀jọ́ sì ní àǹfààní tí a kò tíì lò tó. Diedrich Westermann, onímọ̀ ará Jámánì, nínú gírámà Ewe rẹ̀ ti 1907, fi hàn bí àwọn Ewe ilẹ̀ Tógò ṣe ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpọ́nlé tẹ̀lé zo, tí í ṣe rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú ìrìn tirẹ̀. Ọmọ ìyá ni Ewe àti èdè àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì. Ìgbò náà ń wí pé nwayọ nwayọ níbi tí àwa ti ń wí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ọmọ Ẹ̀gùn tàbí ọmọ oníṣòwò ọjà Àlàbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ilé rẹ̀. Èyí tí ó ń bá èyí rìn ní Yorùbá nìkan ni kò mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: kí olùkọ́ béèrè ti ilé lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì fi Yorùbá tì í lẹ́yìn.

Iṣẹ́ yìí kan Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983 tí ó sì fi Ọ̀jọ́ ṣe ibùjókòó, ó sì kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin. Kí ìwé atúmọ̀ èdè má ṣe kọ fíofío láìkọ ga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ìdánwò yé ní kí ọmọ dárúkọ àpọ́nlé márùn-ún. Kí ó fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún, kí ọmọ sì fi àpọ́nlé tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí gbólóhùn.