Ìpele Mẹ́ta Nínú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Gbọ́ Faransé Ti Ní Lọ́wọ́

1. Ìfáàrà

Ní Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sọ Yorùbá nílé, wọ́n ń fi Faransé kàwé, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kẹta. Mo máa ń rí i pé wọ́n ń to àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ wọn jọra sínú ìwé, wọ́n á sì há wọn sórí. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ló to àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sípò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìtàn náà yóò rí apá tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì mọ apá tó yẹ kó wá.

2. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wọlé

Ìbátan èdè Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ní 1066, William, olórí Normandy, ṣẹ́gun Ọba Harold ní Hastings, ó sì gorí ìtẹ́. Faransé di èdè ààfin, Látìnì jẹ́ èdè ìjọ àti ìwé, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ. Ní 1362, òfin jáde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́ ní kóòtù. Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin náà. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá fi máa gba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Faransé wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tún yá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì lò.

Ọ̀rọ̀ àyálò pọ̀ débi pé àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá nílò ògbufọ̀. Ní 1604, Robert Cawdrey tẹ ìwé atúmọ̀ jáde, tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ líle bí 2,500 ló wà níbẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn ṣàlàyé wọn.

3. Ìtumọ̀ jọra, ipò yàtọ̀

Èso ìtàn yìí ni ìpele mẹ́ta. Ẹ wo ask, question àti interrogate: ti ìbílẹ̀, ti Faransé, ti Látìnì. Ask wà lẹ́nu ọmọdé; interrogate jẹ mọ́ ọlọ́pàá àti afurasí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kingly, royal àti regal.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá. Ewúrẹ́ kú, àgbà papòdà, ọba wàjà. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ òun wàjà, ẹ̀rín ni yóò gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú kan náà ni. Bí ẹni tó kọ I commenced to eat sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń dún létí onígẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

4. Ẹbí ọ̀rọ̀

Láti ara kọ́, Yorùbá ṣẹ̀dá ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Gbòǹgbò náà hàn síta. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-orúkọ lè jẹ́ ti ìbílẹ̀, kí ọ̀rọ̀-àpèjúwe rẹ̀ wá láti ibòmíràn: sun àti solar, tooth àti dental, mouth àti oral. Ẹni tí Faransé kò yé ní láti kọ́ wọn ní méjì-méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ti mọ solaire, dentaire àti oral. Àfòmọ́ ìparí náà ń tọ́ni sọ́nà: -té Faransé sábà máa ń di -ty, bíi liberté àti liberty. Liberty ní ẹbí tirẹ̀, liberate àti liberation. Free náà ní tirẹ̀, freedom àti freely.

Ṣùgbọ́n ìrísí lè tanni jẹ. Ilé ìtàwé ni librairie, ilé ìkàwé ni library. Actuellement ń tọ́ka sí àkókò yìí. Actually túmọ̀ sí ní tòótọ́.

5. Apá tó kù

Nítorí náà, ìpele ìsàlẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tètè mọ discover, abandon àti continue. Find out, give up àti go on ló máa ń rú u lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn wọ̀nyí ló kún ẹnu ènìyàn lójoojúmọ́. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà ní 1889 fi Kétu sọ́dọ̀ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu tẹ́lẹ̀, sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá kọjá ààlà náà lọ ṣòwò tàbí lọ kàwé yóò tètè rí i pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nìkan kò tó.

6. Ìgúnlẹ̀

Nígbà tí Peter Mark Roget tẹ Thesaurus rẹ̀ jáde ní 1852, ó to ọ̀rọ̀ sábẹ́ èrò 1,000, láìtúmọ̀ wọn. Ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀, tó ń wá èyí tó bá èrò rẹ̀ mu, ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Àbá mi fún ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìkọ orísun rẹ̀, ẹbí rẹ̀, àti irú ẹni tí a lè sọ ọ́ fún. Kí ó wo ti Faransé fínnífínní nítorí ẹ̀tàn, kí ó sì fi àsìkò tó pọ̀ jù sórí ti ìbílẹ̀.