Ìhà Wo Ni Òòfà Kọjú Sí? Ìṣirò Fólítéèjì Ohun Tó Ń Yí, ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Láti ọdún 1831 tí Michael Faraday ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wáyà tó bá ń gé agbára òòfà kọjá yóò bí fólítéèjì, òfin náà kò yí padà. Ohun tó ń yí padà láti ìlú dé ìlú ni òòfà ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìṣirò wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fáànù àjà. Apá rẹ̀ gùn tó mítà 0.7, ó sì ń yí ní ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣóńṣó apá náà ń sá mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ẹni tó bá fi 22 ṣírò yóò rí ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Ìyára tó tọ́ ni ti àárín méjèèjì, ìyẹn 11, ibẹ̀ sì ni ìdajì inú E = ½BωL² ti wá (E ni fólítéèjì, B ni agbára òòfà, ω ni ìyára yíyí, L ni gígùn apá). Kò sí ohun tí à ń há sórí níbẹ̀.

B ló le. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òòfà ilẹ̀ ayé dorí kodò gan-an: èyí tó wọlẹ̀ lóòró tó microtesla 45, fáànù wa yóò sì mú fólítì 0.00035 wá. Ṣùgbọ́n ìlà tí òòfà ayé ti dùbúlẹ̀ gbọrọ gba Òkè Ọya kọjá, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí i. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí microtesla 30 (tesla 0.00003) ń lọ gbọrọ sí àríwá; ti òòró kò tó nǹkan. Fáànù àjà kan náà ní Ìfọ́n, ìlú kan ní Ọ̀sẹ́, kò ní mú ìdá kan nínú mẹ́rin ti Gẹ̀ẹ́sì wá. Ẹ wá gbé e dúró kó kọjú sí àríwá: 0.00003 × 0.7 × 11, ó di fólítì 0.00023.

Ẹnìkan lè ní kí la fẹ́ fi èyí ṣe, nígbà tí kò lè tan gílóòbù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìhà yìí kan náà ló fà á tí fólítéèjì jẹnẹrétọ̀ kékeré iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fi ń di òfo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Kì í ṣe pé ó dúró o. Wáyà àti òòfà kàn ń tò lọ́nà kan náà lásìkò yẹn ni, wọn kò gé ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, láti Rufus Giwa Polytechnic tó wà ní Ọ̀wọ̀ títí dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Ọ̀sẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ ìlú àti ìhà tí nǹkan náà kọjú sí sínú ìbéèrè ìdánwò.