Kò Sí Ìbínú Nínú Fáìlì

Iṣẹ́ tí Yorùbá ń fi inú ṣe pọ̀ jọjọ. Inú ń dùn, inú ń bàjẹ́, inú ń bíni, inú ń ru, inú sì ń yọ́. Ẹni tó bá tètè ń bínú, onínúfùfù ni. Ẹni tó ń ṣoore fún ọmọ ẹlòmíì, onínúure ni. Bó bá kúrò nínú inú, yóò gba orí lọ, wọn á ní orí ẹ̀ gbóná. Yóò dé ojú, ojú á le, ojú á fàro. Yóò kó gbogbo ara, ara ò ní yá, tàbí kí ara máa kanni, èyí tó burú jù lójú tèmi, torí ẹni tí ara ń kan kì í mọ ẹni tí yóò fà á lé lórí. A ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká jókòó ká pìtàn, ọba la ó kọ́kọ́ kà, ká tó ka ogun. Ta ló jẹ tẹ̀ lé ta, ìlú wo ló kó ìlú wo. Bí inú àwọn èèyàn ọ̀hún ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kan lásán tí wọ́n ń lọ sóko, ta ló béèrè?

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ìtàn inú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí i o. Agbègbè tí à ń gbé yìí, láti Ìkìrun dé Ìnísà dé Òkukù, títí kan Èkó Èǹdé níbi tí wọ́n ti dí odò Ọ̀tìn kí omi ẹ̀rọ lè dé ọ̀dọ̀ wa (ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì rí ní àdúgbò yìí mọ ìdí tí mo fi sọ pé "kí ó lè dé"), wà lára ibi tí a ti mọ̀ jù lọ nípa bí àwọn ìyá àti baba wa ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwà láì ní gègé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ogun, kí àwọn tó fẹ́ràn ogun má bàa bínú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú fún kọlu Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ní Ìkìrun. Ìbàdàn ló borí. Àwọn tó ń sá ya lu odò Ọ̀tìn, omi gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun ọ̀hún ní Jálumi. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ńlá tó parí ní 1897, tí kò sì jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọjọ́, orúkọ, ta ló ṣẹ́gun: a rí gbogbo rẹ̀ kà, a sì dúpẹ́.

Apá kejì rèé. Ní àkókò àwọn ogun yẹn, àwọn ará Òkukù kó kúrò nílùú wọn, wọ́n di àlejò ní Ìkìrun, ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n tó padà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ̀lì, ẹ bá mi rò ó. Èèyàn mẹ́rin nínú yàrá kan, ẹnì kan lo ọṣẹ ẹnì kejì, ìjà dé. Ẹ wá kó odidi ìlú kan sínú ìlú mìíràn, ẹ fún wọn ní ojú omi kan náà, ààrò kan náà, ilẹ̀ oko tí wọ́n tọrọ. Ta ló ń pẹ́ lójú omi? Adìyẹ ta ló ń jẹ èlùbọ́ ta? Johnson ò kọ ìyẹn, n ò sì bá a wí, ogun ló ń lé kiri. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ gbé ò lè má mọ ẹni tó ní sùúrù láàárín wọn. Wọ́n mọ ahun, wọ́n mọ aláròyé tí kì í fọ ẹnu tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Irú ìmọ̀ báyẹn kò lọ sínú ìwé. Inú oríkì ló ń lọ.

Ní 1974, arábìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, wá sí Òkukù láti kọ́ nípa oríkì. Ọdún mẹ́ta ló fi bá wọn gbé. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó bá ẹgbẹ́ Ọ̀yìn Adéjọbí ṣe eré orí ìtàgé, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé tó kọ lórí Òkukù, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ohun tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìyìn lásán. Ó lè gbé èèyàn ga, ó sì lè bù ú jẹ. Gbajúmọ̀ kan lè ní oko rẹpẹtẹ, ìyàwó rẹpẹtẹ, kí oríkì rẹ̀ sì tún mẹ́nu ba bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń ya olóríkunkun, àti ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan báyìí tí gbogbo àdúgbò ò gbàgbé. Kì í ṣe òun ló fún ara rẹ̀. Onílù fún un ní ọ̀kan, àwọn obìnrin ilé fún un ní òmíràn, àwọn tó wà láyìíká bu tiwọn kún un, títí ó fi di òkìtì.

Òkìtì yẹn ò ní déètì lórí. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kúkurú kan nínú oríkì lè jẹ́ odidi ìjà tọkọtaya kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè kó tó ní ìtumọ̀. Bí onítọ̀hún bá kú, ọ̀rọ̀ á ṣì máa dún, wọ́n á ṣì máa fi kì ọmọ ọmọ rẹ̀ níbi ìnáwó, orí ọmọ á wú, kò sì ní mọ̀ pé baba ńlá òun ni wọ́n ń bú.

Ta wá ni akọ̀wé ilé? Obìnrin ni. Àwọn obìnrin ló mọ oríkì jù ní Òkukù, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń fi rárà ìyàwó kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà sí mi. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ, títí kan ọmọdé tí wọ́n ti bí ṣáájú kó tó dé. Ó di dandan kó wá orúkọ fún wọn. Báwo ni yóò ṣe wá a? Yóò wò wọ́n ni. Yóò mú ìkan ní Adúmáadán, ìkan ní Opéléńgẹ́, ìkan ní Eyínfúnjowó, èyí tó lọ ilé ẹ̀kọ́ á di Akọ̀wé. Èyí tó dùn ni wọ́n ń pè sí wọn létí. Èyí tó korò náà wà o, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń pè é. Ẹni tó ń bá èèyàn gbé lábẹ́ òrùlé kan, tí kò láṣẹ láti bá a wí, kí ló tún kù fún un ju kó máa ṣọ́ ìwà rẹ̀ lọ?

(Tí ọ̀rọ̀ bá le ju ìnagijẹ lọ, a máa ń sin ajá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún aládùúgbò ni wọ́n fi ń sọ ajá lórúkọ, bíi Tanímọ̀la. Tí wọ́n bá ti ń pe ajá wá jẹun láràárọ̀, aládùúgbò á gbọ́ tirẹ̀ lójú fèrèsé.)

Àwọn òyìnbó náà wá nǹkan yìí. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert ní Amẹ́ríkà ṣí atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè júwe bí ènìyàn ṣe rí, wọ́n rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn jọ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, títí ó fi ku ìwà ńlá márùn-ún tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì lónìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣà. Obìnrin ilé ò ṣa ọ̀rọ̀, Bọ̀dá kan pàtó ló wò, Bọ̀dá tó ń fi ẹnu kan náà dúpẹ́ ọbẹ̀ tó sì tún ní iyọ̀ ò tó.

Lẹ́yìn ogun ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 (Èkó Akéte ni mo wí o, kì í ṣe Èkó Èǹdé), ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin ní 1908. Ọkọ̀ yẹn kó irè oko lọ, ó kó aago wá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ tí ì bá lọ sóko di tíṣà, wọ́n di nọ́ọ̀sì, wọ́n di akọ̀wé ìjọba. N ò sọ pé inú àgbẹ̀ ń dùn jù wọ́n lọ. Ebè ò mọ̀ pé ara ń ro ẹnì kan. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá lè jókòó sábẹ́ igi kó ní òun ń gbatẹ́gùn. Òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ò yá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí rẹ́jístà kí aago mẹ́jọ tó lù, kó sì tún rẹ́rìn-ín sí àwọn aráàlú. Ìyàwó ilé náà gba iṣẹ́ oṣù. Aago méje ti bá a ní gárééjì, alẹ́ ló ń dé, ìyá ọkọ tí ì bá kọ́ ọ ní oríkì ilé ti sùn.

Ibo wá ni ìwà ń lọ báyìí? Ẹ ṣí fáìlì òṣìṣẹ́ kan wò. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó gbaṣẹ́, ìpele, ọjọ́ ìgbéga, orúkọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Fọ́ọ̀mù APER wà níbẹ̀ tí ọ̀gá ń kọ lọ́dọọdún. Ó béèrè ìwà, máàkì ni ìdáhùn. Ìbínú kì í wọ fáìlì àfi tó bá ti di kúẹ́rì. Kúẹ́rì náà ò sì ní sọ pé ọmọ onítọ̀hún ń ṣàìsàn, kò sùn mọ́jú, ìyẹn ló fi dá ọ̀gá lóhùn bẹ́ẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé ó rí ọ̀gá fín. Ó parí.

Ibi tó ti dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó oṣù ní Ọ̀ṣun. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, èyí tó ń wá láti Àbújá dín kù, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá sì jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mélòó kan. Láti oṣù keje 2015 ni wọ́n ti ń fi ìpele pín in: ìpele 7 sísàlẹ̀ gba odidi, 8 sí 10 gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12 sókè gba àbọ̀. (Kò sí ìpele 11 nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹ má béèrè.) Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ wọ 2018. Òpìtàn ọ̀la yóò rí àwọn ìpele yẹn, yóò rí àwọn ìdá yẹn, yóò sì ro pé òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un nípa ìyá ọlọ́jà tó kọ́kọ́ ń wo ojú oníbàárà kó tó wọn gàrí àwìn? Ta ni yóò sọ ti ọ̀gá tó máa ń sanwó ọkọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bá ní gárééjì, tó wá ń fara pamọ́ títí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yóò fi kún? Oníwàpẹ̀lẹ́ di onínúfùfù láàárín ọdún yẹn, mo sì mọ àwọn onínúfùfù tó dákẹ́ lójijì, èyí tó bani lẹ́rù ju ariwo lọ. Ká ní àwọn obìnrin Òkukù ayé ogun ni, wọn ì bá ti sọ ọdún mẹ́ta yẹn lórúkọ. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ẹ tètè bi wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣàkóso ní ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkukù, torí ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti fáìlì tó kàn.

N ò ní purọ́ pé iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn ti tán. Ó ṣí lọ ni. Ẹ dé ọ́fíìsì èyíkéyìí, ẹ bi mẹ́sẹ́ńjà, ẹ bi àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún gbogbo ọ̀gá, àwọn náà ò kúkú láṣẹ láti pè wọ́n lórúkọ. Mo mọ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Dọ̀la. Kò sẹ́ni tó rí i kó bínú rí, kò sì sẹ́ni tó rí i kó fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ padà wá lọ́la." Àwọn tó ń wá fáìlì wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ gidi mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Lẹ́tà rẹ̀ ò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí dírẹ́bà gbé e wọ géètì, ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì fà mọ́ dírẹ́bà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé Ó-Dọ̀la tí wọ́n ní ó ń bọ̀ nìyí?"