Ìwé Àṣẹ Ìgbélùú àti Ọ̀ràn Àwọn Yorùbá ní Gánà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Òjijì ni àṣẹ yìí bá àwọn Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀ffà àti Ṣakí. Ọ̀pọ̀ fi ọjà àti owó tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀.

Ṣáájú èyí, kì í ṣe ìwé ni ó ń sọ ènìyàn di ará ìlú níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìbátan tàbí ọmọ ìlú rẹ̀ ni àlejò ń wọ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn Yorùbá ní olórí tiwọn, tí ó ń parí ìjà láàárín wọn, tí ó sì ń ṣojú wọn lọ́dọ̀ ọba ibẹ̀. Gánà ni a bí púpọ̀ nínú wọn sí. Lójú tiwọn, onílé ni wọ́n. Lójú òfin, àjèjì ni wọ́n.

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a fún ọ̀pọ̀ wọn.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A ti mọ bí igi náà ti ń dunni láti 1969; síbẹ̀ a fi gún ẹlòmíràn.